Ibi Tí Ọya Ti Padà

Nínú ọgbà ilé tí mo ń gbé ní Ayigya, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì KNUST ló pọ̀ jù. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ Takoradi, tó fẹ́ràn àwo orin kan débi pé gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n sórí láìfẹ́. Eré orí ìtàgé kan tí wọ́n ń pè ní Miss Saigon ni wọ́n gba ohùn rẹ̀ sínú àwo náà. Ọdún 1989 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré ọ̀hún ní gbọ̀ngàn Drury Lane ní Lọ́ńdọ̀nù. Claude-Michel Schönberg ló ṣe orin rẹ̀, òun àti Alain Boublil sì fa ìtàn náà yọ láti ara Madama Butterfly, opẹ́rà tí Puccini gbé jáde ní 1904. Ọmọbìnrin Vietnam kan, Kim, àti ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan fẹ́ràn ara wọn nígbà tí ìlú Saigon fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Àríwá ní oṣù kẹrin ọdún 1975. Ogun yà wọ́n. Ọkùnrin náà délé, ó gbé ẹlòmíràn níyàwó. Obìnrin bímọ fún un, kò sì mọ̀. Nígbẹ̀yìn, Kim yìnbọn pa ara rẹ̀ kí bàbá ọmọ lè mú ọmọ náà lọ sí Amẹ́ríkà.

Ọmọ Takoradi yìí kò rí eré náà rí. Àwo nìkan ló ní. Ó sọ fún mi pé kò sí ohun tí òun pàdánù, nítorí pé orin ni wọ́n fi sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni tó bá ti ní àwo ti ní eré. Ó wá bi mí bóyá àwa Yorùbá náà ní irú èyí: ogun, ìfẹ́, ikú, kí ó sì jẹ́ pé orin ló gbé gbogbo rẹ̀.

Mo ti dáhùn pé a ní in kí n tó ronú rárá. Ọba Kò So ti Dúró Ládípọ̀ ló wá sí mi lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá ara mi jiyàn lórí ìdáhùn yẹn.

Ẹni tó bá ka Ọba Kò So ní ilé-ìwé yóò sọ pé ìtàn oyè àti agbára ni, kì í ṣe ìtàn ìfẹ́. Kò jẹ̀bi. Ṣàngó jọba ní Ọ̀yọ́, ogun sì sú àwọn ará ìlú. Jagunjagun méjì, Tìmì àti Gbọ̀nkáà, lágbára ju bí ọkàn ọba ṣe lè balẹ̀ sí lọ. Ọba rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, ó rò pé òun ti rí ọ̀kan lé jìnnà. Tìmì débẹ̀, ó dolókìkí. Ọba tún rán Gbọ̀nkáà lọ mú un. Gbọ̀nkáà fi ọfọ̀ sùn ún, ó sì gbé e wá sí Ọ̀yọ́. Kò tẹ́ ọba lọ́rùn, ó ní kí wọ́n tún jà lójú òun. Gbọ̀nkáà pa Tìmì. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọba fúnra rẹ̀. Ìlú dàrú mọ́ Ṣàngó lọ́wọ́, ó sì fi ààfin sílẹ̀.

Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré yìí ní Òṣogbo. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ọdún náà ni Hubert Ògúǹdé ṣe Yorùbá Ronú, tí ìjọba sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn. Ládípọ̀ ní tirẹ̀ kò bá olóṣèlú kankan wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó wo ọba tó ń fi akọni méjì kọ lu ara wọn nígbà yẹn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Èyí ni ogun. Ìfẹ́ ńkọ́? Nígbà tí Ṣàngó jáde nílùú, àwọn tó ń kígbe orúkọ rẹ̀ kò sí mọ́. Ìyàwó kan ló kù, Ọya. Ẹ yọ oyè kúrò, ẹ yọ jagunjagun kúrò, tọkọtaya kan ni ẹ óò bá lójú ọ̀nà. Ọya náà padà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọba so lórí igi àyàn, tàbí kò so, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ti ń wí títí di òní.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí Ládípọ̀ ṣe dé ibi eré yìí, nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ àwo. Ọmọ kátíkíìsì ìjọ Áńgílíkà ni, iṣẹ́ tíṣà ló sì ń ṣe. Ní 1961 ó ṣe orin Àjíǹde fún ìjọ rẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì gbé ìlù dùndún wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà ìjọ bínú. Ó kó orin rẹ̀ jáde. Ulli Beier, ará Jámánì tó ń kọ́ni ní yunifásítì Ìbàdàn, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ní oṣù kẹta 1962 ilé ọtí Ládípọ̀ ní Òṣogbo sì di ilé eré tí wọ́n ń pè ní Mbari Mbayọ̀. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari. Àwọn ará Òṣogbo ló gbọ́ ọ bíi pé "bí mo bá rí i, mà á yọ̀", wọ́n sì fi èyí tó kù kún un. Ọba Mọ́rò ni wọ́n fi ṣí ilé náà, Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní 1963, Ọba Wàjà ní 1964.

Ọ̀rọ̀ ìlù tí wọ́n lé jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí kì í ṣe àjèjì sí àdúgbò tí mo wà. Ephraim Amu, àgbà olórin Ghana, kọ́ni lórin ní Kumasi ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí yunifásítì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣì jẹ́ kọ́lẹ́jì ìmọ̀ ẹ̀rọ. Kí ó tó débẹ̀, ìjọ Presbyterian ti yọ ọ́ nípò olùkọ́ ní Akropong ní 1933. Ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ gun àga ìwàásù, ó sì ń mú ohun èlò orin ilẹ̀ wa wọ inú ìsìn. Ọgbọ̀n ọdún ó dín méjì ló wà láàárín ẹjọ́ Amu àti ti Ládípọ̀, ẹjọ́ kan náà ni.

Mo wá dé ibi àwo. Ohun tó ya Ọba Kò So sọ́tọ̀ sí Miss Saigon ni bí ìwé àti ohùn ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ní ti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kọ orin àti ọ̀rọ̀ sórí ìwé, àwọn òṣèré kọ́ ọ, wọ́n sì wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ lọ kọ ọ́. Bí àwo bá fọ́, ìwé ṣì wà. Ní ti Òṣogbo, ohùn ló ṣáájú. Curt Wittig, ará Amẹ́ríkà kan, gba eré náà sórí téèpù. Robert Armstrong, Robert Awújọọlá àti Val Ọláyẹmí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ Áfíríkà ní yunifásítì Ìbàdàn wá jókòó ti téèpù yìí, wọ́n ń fetí sí i, wọ́n ń dá a dúró, wọ́n ń dá a padà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà jáde ní 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Ní 1975, ọdún kan náà tí Saigon ṣubú, ilé-iṣẹ́ Kaleidophone gbé àwo Ọba Kò So jáde ní Amẹ́ríkà. Ládípọ̀ kú ní oṣù kẹta 1978, kò tíì darúgbó.

Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn wà tó ti jáde ṣáájú, èyí tí Beier ṣe ní 1964. Ó kúrú, ó sì rọrùn ún kà, ọ̀pọ̀ èèyàn nílé ẹ̀kọ́ gíga ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n mọ̀. Mi ò bá Beier jà, ó ṣe é kí àwọn tí kò gbédè lè rí nǹkan dìmú. Àmọ́ ẹni tó bá ka èyí nìkan yóò rò pé àwọn òṣèré kàn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni. Oríkì ló kún inú eré yìí, ọfọ̀ ló kún inú rẹ̀, ìlù bàtá sì ń dá sí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀. Bí ẹ bá ka oríkì Ṣàngó lórí ìwé, ìyìn lásán ni ẹ óò rí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn, ẹ óò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló ń ba ẹni tó ń kì í, tàbí ó fẹ́ràn rẹ̀, tàbí ó ti ń wá ọ̀nà àtisá lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn ló fi ohùn àwo náà ránṣẹ́ sí mi. Mo gbé e sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọgbà ilé, mo fi ẹ̀rọ agbóhùnsókè kékeré kan gbè é lẹ́sẹ̀. Bàbá onílé wa jáde síta. Nana ni gbogbo wa ń pè é, ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ó dúró díẹ̀, ó wá bi mí ní Twi pé ta ni ìlù yẹn ń pè.

Mo bi í léèrè bí ó ṣe mọ̀ pé ó ń pe èèyàn. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè bóyá òjò máa ń tutù. Ó ní ta ni yóò máa lu ìlù báyẹn fún ijó lásán? Àwọn Asante ní atumpan, ìlù méjì tó dúró pọ̀, tó ń pe orúkọ àwọn ọba tó ti wọ àjà. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni Twi ń lò, Yorùbá fi ohùn àárín kún tirẹ̀. Èdè méjèèjì ni ìlù lè sọ. Kwabena Nketia ṣàlàyé ti Akan sínú ìwé kan ní 1963, ọdún Ọba Kò So gan-an. Nana kò ka ìwé náà. Etí rẹ̀ ló kà á.

Ọmọ Takoradi ní tirẹ̀ ní ariwo ti pọ̀ jù. Ó béèrè ibi tí orin ìfẹ́ wà.

Ìbéèrè gidi ni, ó sì pẹ́ kí n tó rí ìdáhùn sí i. Kò síbi tí Ṣàngó ti sọ fún Ọya pé òun fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń sọ fún Kim. Nínú ilé Yorùbá àtijọ́, ìyàwó tó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ a kúnlẹ̀ láàárọ̀, a kì í. A pe orúkọ bàbá rẹ̀, a pe orúkọ ìyá rẹ̀, títí orí ọkùnrin yóò fi wú. Níbẹ̀ ni ìfẹ́ wà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ìfẹ́ nínú àwo yìí, kí ó máa tẹ́tí sí ẹni tó ń pe orúkọ Ṣàngó, kí ó sì ṣàkíyèsí ìgbà tí ìpè náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìlú ń kì í níbẹ̀rẹ̀. Nígbẹ̀yìn ó ku ẹnì kan. Abíọ́dún, ìyàwó Ládípọ̀ fúnra rẹ̀, ló ń ṣe Ọya, Ládípọ̀ sì ni Ṣàngó. Èmi kò lè gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì kí n má rántí èyí.

Nana jókòó. Ó ní òun rántí àwọn Aláàtá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, àti ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà mìíràn. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń tà lọ́jà Kumasi, alata samina ni orúkọ rẹ̀ títí di òní. Àwọn Aláàtá lọ, ọṣẹ wọn dúró.

Ìlọ náà kì í ṣe ìfẹ́ inú wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbéèlú jáde kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ lára àwọn Yorùbá tó wà ní Kumasi ni wọ́n bí síbẹ̀. Bàbá ìyá mi ń ta ìṣó, àdá àti kọ́kọ́rọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ìyàwó méjì ló ní: ìyá ìyá mi tí wọ́n jọ wá láti ilé, àti ọmọ Asante kan tó fẹ́ níbí. Ìyá mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó sọ fún mi pé ìyàwó kejì bá wọn ru ẹrù dé ibùdókọ̀ Kejetia. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, ó gbé ẹrù orí rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì dúró nílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì dúró tì í.

Ní ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, "ìyàwó tó sá" ni wọ́n ń pè é. Bàbá àgbà kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú, kò sì sẹ́ni tó tún pè é létí wa.

Ìyá mi rí Ọba Kò So lẹ́ẹ̀kan péré, nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan, ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n padà dé. Twi ló ṣì ń fi lá àlá nígbà náà, ọfọ̀ Gbọ̀nkáà kò sì yé e. Ó ní ṣùgbọ́n nígbà tí ọba jáde nílùú pẹ̀lú ìyàwó kan, kò sí ohun tí kò yé òun. Nígbà tí Ọya yí padà, àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pòṣé. Òun kò pòṣé.

Ọmọdé ni mí nígbà tí ó sọ èyí fún mi, mo sì rò pé ó kàn ń sọ ìtàn eré ni. Ayigya ni mo ti wá tún un gbọ́. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ pé Ọya nìkan ló tẹ̀ lé Ṣàngó nígbà tó ń sá lọ sí ilẹ̀ Tápà, pé nígbà tí wọ́n dé Ìrá ni àyà rẹ̀ já, tí kò sì lè tẹ̀ síwájú mọ́. Ìrá ni wọ́n ti bí Ọya. Tápà ni ilé ìyá Ṣàngó. Ọmọ Elémpe ọba Tápà ni ìyá rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Ọkùnrin náà ń sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, obìnrin náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí tirẹ̀, ó dúró. Ọ̀kan la pè ní ọba tí kò so, ọ̀kan la ń pòṣé sí. Johnson sọ pẹ̀lú pé nígbà tí Ọya gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe kú, òun náà gba ọ̀nà kan náà lọ. Odò Ọya ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni láàárín àwọn Asante, ìdílé ìyá ni ọmọ ń bá lọ. Àwọn ọmọ méjì tó dúró ní Kejetia, abusua ìyá wọn ló ni wọ́n. Kí ni obìnrin náà ìbá lọ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọdún tí ogun ṣì ń jà ní Nàìjíríà, láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀? Ìyàwó kejì, àjèjì, ọmọ méjì tí kò sí ẹbí ìyá kankan nítòsí. Mi ò mọ ohun tí bàbá àgbà sọ fún un lójú ọ̀nà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ní kó dúró.

Lórí ìtàgé, ẹ̀yìn Ọya ni a ń wò bó ṣe ń lọ, ẹ̀yìn èèyàn sì rọrùn ún dá lẹ́bi. Nínú àwo kò sí ẹ̀yìn. Ohùn nìkan ló wà, ohùn náà sì lè dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù, tàbí nítorí ẹkún, tàbí nítorí pé ẹnìkejì ti rìn jìnnà jù. Àwo kò sọ èyí tó jẹ́ fún wa. Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún ọmọ Takoradi pé ó jàre díẹ̀, ó sì jẹ̀bi díẹ̀. Ẹni tó ní àwo Ọba Kò So kò ní eré náà tán. Kò rí iná tí Ládípọ̀ ń tu lẹ́nu, kò rí ijó bàtá. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní Berlin ní 1964, ojú ni àwọn ará Jámánì fi gbà á, èdè kò yé wọn, síbẹ̀ wọ́n dìde fún un. Odindi ọdún kan lẹ́yìn náà, ó tún dé Britain fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì. Àwọn yẹn ní ojú láìní etí. Àwa tí a jókòó ní Ayigya ní etí láìní ojú, mi ò sì mọ èyí tí mo lè fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Mo fi ibi tí Ọya ti padà ránṣẹ́ sí ìyá mi lórí WhatsApp. Ó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Kò sọ nǹkan kan nípa àwo. Ó bi mí bóyá òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Kumasi, ó bi mí nípa Kejetia, mo sọ fún un pé wọ́n ti kọ́ ọjà tuntun síbẹ̀. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ obìnrin náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ láyé mi. Orúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí i ni, irú èyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ń jẹ́ nílùú yìí. Mo ní orúkọ yẹn nìkan kò lè tó fi wá ẹnikẹ́ni. Ó ní bàbá fún un ní oríkì, pé láràárọ̀ ló máa ń pè é láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, gbogbo àdúgbò sì ń gbọ́. Àbẹ̀kẹ́.

Mo sọ ọ́ fún Nana. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì kí ohùn rẹ̀ tó gún, ó sì ní òun yóò béèrè ní Bantama bóyá ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń dáhùn sí i.